Sáfà: Bí A Ti Ń Gbé E Kalẹ̀ àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ní agboolé kọ̀ọ̀kan ní ayé àtijọ́, ohun kan wà tí gbogbo ará ilé jọ ń lò, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé tòun nìkan ni. Kànga ni ohun náà. Ìyàwó ilé a máa pọn níbẹ̀, ọmọdé a máa pọn níbẹ̀, àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ a sì máa pọn níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìkòkò ẹnì kan bá fọ́, ìyà olúwarẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí kànga bá gbẹ, tàbí bí nǹkan bá kó sínú rẹ̀, gbogbo agboolé ni ó kàn. Bí kànga ti rí sí agboolé ni ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àyọkà yìí rí sí ayé òde òní. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní server, àwa náà sì ń pè é ní sáfà. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò ju apèsè lọ: kọ̀ǹpútà tí ó jókòó sí ojú kan, tí ó ń pèsè ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn àti fóònù bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fi fóònù wo iye owó tí ó kù ní báńkì, kì í ṣe inú fóònù náà ni ìṣirò owó wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà láti mọ oògùn tí dókítà kọ fún un ní oṣù tí ó kọjá, ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ lè má mọ nǹkan kan nípa aláìsàn náà. Ìbéèrè ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wọ̀nyí ń gbé lọ bá sáfà, èsì ni wọ́n sì ń gbà bọ̀. Ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì tí àjọ JAMB ń ṣe, èyí tí púpọ̀ nínú yín ń múra sílẹ̀ fún, ojú sáfà ni ó ń gbà. Ní ọdún 2013 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe é fún àwọn kan. Nígbà tí ó di ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni a gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí a bá tú sáfà wò, kò sí ohun àjèjì kan nínú rẹ̀. Ọpọlọ tí ń ṣe ìṣirò wà níbẹ̀. RAM, tí ó dà bí wàláà tí ọmọ ilé-kéú ń kọ̀wé sí tí ó sì ń fọ̀ dànù, wà níbẹ̀. Dísìkì, tí ohun tí a bá kọ sí i kì í parẹ́ bí iná bá lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé a kì í pa á. Ní òpin ọdún 1990, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, Ọ̀gbẹ́ni Tim Berners-Lee sọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, irú èyí tí a ń pè ní NeXT, di sáfà àkọ́kọ́ fún ohun tí a mọ̀ lónìí sí wẹ́ẹ̀bù. Ó lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn lára, ó sì fi tàdáwà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáfà ni ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ti gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́, tí ó sì pa ẹ̀rọ náà nítorí àtidín owó iná kù, gbogbo wẹ́ẹ̀bù ayé ìgbà náà ni ì bá kú. Lójú tèmi, ìwé pélébé yẹn ni òbí gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ohun yòówù tí àwọn onímọ̀ ṣe sí sáfà láti ìgbà náà wá, kí àṣẹ orí rẹ̀ lè ṣẹ ni wọ́n ṣe ṣe é.

Sáfà kan ṣoṣo lè jókòó lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí ó bá di mẹ́wàá, wọn yóò gba gbogbo yàrá, wáyà wọn yóò sì lọ́ mọ́ra bí irun wèrè. Nítorí náà ni a fi ń tò wọ́n sínú ráàkì, èyí tí í ṣe pẹpẹ onírin tí ó dúró ṣánṣán, tí a sì ń ti sáfà bọ inú rẹ̀ bí ẹni ti dúrọ́ọ̀. Ìwọ̀n ráàkì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi í lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1922, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà rárá. Iwájú ohun tí a ó dè mọ́ ọn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 19. Gíga rẹ̀ ni a pín sí ìpele ìpele, ìpele kan ni a ń pè ní U, ó sì jẹ́ íǹṣì 1.75. Ráàkì tí ó wọ́pọ̀ jù ní U 42. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò yóò rí i pé íǹṣì 73.5 ni, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, gíga ọkùnrin tí ó ga dáadáa. Ẹ wo bí àwọn tí ń yọ búlọ́ọ̀kù ní ilẹ̀ wa ti gbà láàrin ara wọn pé oní-íǹṣì 9 àti oní-íǹṣì 6 ni àwọn yóò máa yọ: bíríkìlà lè ra díẹ̀ lọ́wọ́ tibí, kí ó ra ìyókù lọ́wọ́ tọ̀hún, ògiri yóò sì tẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ráàkì. Sáfà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe a máa wọ inú ráàkì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó náwó lórí sáfà, kí a kọ́kọ́ wo yàrá tí yóò gbé. Àwọn kan wà tí í ra ẹ̀rọ olówó iyebíye tán, tí wọn a sì gbé e sí kọ̀rọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn, láàrin ìgbálẹ̀ àti agolo ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù, bí ẹni pé fìríìjì tí ó ti bàjẹ́ ni. Ọ̀tá sáfà pọ̀, ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀gá wọn. Gbogbo iná tí sáfà bá jẹ ni ó ń padà di ooru. Sáfà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 500 wáàtì dà bí áyọ́nù oníná kan tí a tàn tí a kò sì pa tọ̀sán-tòru. Bí yàrá náà bá kéré tí fèrèsé rẹ̀ sì dí, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbóná bí ààrò. Àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn pé kí atẹ́gùn tí ń wọ iwájú sáfà wà láàrin 18 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ amúlétutù ni a fi ń ṣe èyí. Méjì ni ó sì yẹ kí ó jẹ́, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń tún èkejì ṣe.

Sáfà a máa fi iwájú fa atẹ́gùn tútù sínú, a sì máa fi ẹ̀yìn tú èyí tí ó ti gbóná jáde. Nítorí náà, bí ráàkì bá pọ̀, a kì í tò wọ́n bí àga kíláàsì, tí iwájú èyí ń wo ẹ̀yìn èkejì. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ooru tí ọ̀kan tú jáde ni èkejì yóò máa fà símú. Iwájú ni a ń kọ sí iwájú, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ìpele tí kò bá sì ní sáfà nínú, páànù pẹlẹbẹ ni a fi ń dí ojú rẹ̀, kí ooru ẹ̀yìn má baà yí wá sí iwájú.

Ti eruku kò gba àlàyé fún ẹni tí ó bá mọ ọyẹ́. Ti omi náà kò sì le: a kì í gbé ráàkì sí abẹ́ táńkì omi tàbí abẹ́ ilé ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé e sí ọ̀gangan ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán omi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti iná mànàmáná, iṣẹ́ tiwa ní ilẹ̀ Nàìjíríà ju ti àwọn ará òkè òkun lọ. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí sáfà ń kọ nǹkan sí dísìkì, ìlàjì ọ̀rọ̀ ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé, ìlàjì ọ̀rọ̀ a sì máa burú ju àìkọ rárá lọ. Nítorí èyí ni a fi ń fi UPS, èyí tí í ṣe àpótí bátìrì, sáàrin iná àti sáfà. Ẹni tí ó bá rò pé UPS yóò gbé sáfà dé ọ̀la ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó di sáfà mú títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbéra, tàbí, bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, kí ó fún sáfà ní àyè láti palẹ̀ mọ́ kí ó sì pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ráàkì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ó wọ ilẹ̀, nítorí ìgbà òjò àti àrá.

Nígbà tí yàrá bá ti wà ní ṣẹpẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì ni í gbé sáfà, kì í ṣe ẹnì kan tí ó fẹ́ fi agbára hàn. Èyí tí ó ga ní U 2, tí dísìkì sì kún inú rẹ̀, lè wúwo tó ìlàjì àpò sìmẹ́ńtì tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó wúwo jù ni a ń gbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, UPS ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Bí orí ráàkì bá wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ, ní ọjọ́ tí a bá fa sáfà kan jáde láti òkè, gbogbo rẹ̀ lè dojú dé ẹni tí ó fà á. Nítorí ìdí kan náà ni a kì í fi í fa sáfà méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Réèlì méjì ni a kọ́kọ́ ń dè, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ibí yìí ni ó ti ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú. Ihò mẹ́ta ni ó wà nínú U kọ̀ọ̀kan lára òpó ráàkì, àlàfo àárín wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ka ihò láti ìsàlẹ̀ wá yóò de réèlì òsì sí ibi kan, yóò de ti ọ̀tún sí ibi tí ó fi ihò kan ju ti òsì lọ, yóò sì máa fi ipá ti sáfà tí kò ní wọlé láéláé. Ká ihò, sàmì sí i, lẹ́yìn náà ni kí o tó mú súkúrù.

Bí a bá ní láti ṣí sáfà láti fi RAM kún RAM, a ó so okùn kan mọ́ ọrùn ọwọ́ wa, a ó sì so ìdí rẹ̀ mọ́ irin tí ó wọ ilẹ̀. Ẹ ti rí i ní ìgbà ọyẹ́ pé bí ènìyàn bá bọ́ ẹ̀wù ọ̀rá lára nínú òkùnkùn, iná a máa ta pàrà lára rẹ̀. Iná kékeré náà, tí kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, tó láti pa RAM. Èyí tí ó tún burú ni pé nígbà mìíràn kò ní pa á tán. Yóò sọ ọ́ di aláàárẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí ń ṣe ségesège lọ́la, tí a kò sì ní mọ ohun tí ń ṣe é.

Ẹ̀yìn sáfà tí ó dára a máa ní ibi ìfiná méjì, kí ọ̀kan lè gbé e bí èkejì bá jóná. Ó yani lẹ́nu láti rí i pé àwọn ènìyàn ń ki wáyà méjèèjì bọ inú ojú iná kan ṣoṣo. Kí ni èrè méjì náà nígbà náà? Ọ̀kan ni ó yẹ kí ó lọ sí UPS kìíní, kí èkejì lọ sí UPS kejì tàbí sí ojú iná mìíràn. Kí a sì kọ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan ní orí àti ní ìdí. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́yìn ráàkì ní agogo méjì òru, tí ó ń wá wáyà kan láàrin ogójì tí àwọ̀ gbogbo wọn dúdú, kò ní bi wá léèrè ìdí rẹ̀.

Ọ̀ràn dísìkì ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìmọ̀ yìí. Dísìkì yóò bàjẹ́ dandan. Ohun tí a kò mọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, tẹ ìwé kan jáde nípa bí a ti lè kó àwọn dísìkì kéékèèké tí kò wọ́n jọ kí wọ́n sì ṣe gbẹ́kẹ̀lé ju dísìkì ńlá kan lọ. RAID ni orúkọ tí wọ́n fún ètò náà. Ọ̀nà rẹ̀ tí ó rọrùn jù ni pé kí a kọ ohun kan náà sí dísìkì méjì. Ọ̀nà kejì gba ọgbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí a fi àjọ dídá ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń pa nọ́ńbà mọ́. Ẹni kìíní ń rántí 7, ẹni kejì ń rántí 5, ẹni kẹta kò rántí èyíkéyìí nínú méjèèjì, àpapọ̀ wọn, 12, nìkan ni ó mọ̀. Bí ẹni kìíní bá rin ìrìn-àjò tí kò sì padà wá, ǹjẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ ti sọnù? Rárá. A ó mú 12, a ó yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, 7 yóò sì jáde. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà ń ro tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìròpọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n èrò náà kò yàtọ̀: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí dísìkì kan bá kú, àwọn tí ó kù yóò ṣírò ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú. Nígbà tí a bá fi dísìkì tuntun rọ́pò, láìpa sáfà, wọn yóò tún kọ ohun gbogbo sí i. Nínú ètò tí a ń pè ní RAID 5, dísìkì kan lè kú láìsí ewu. Nínú RAID 6, méjì lè kú.

Síbẹ̀ RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí ẹ sì dákun má gbà fún ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí òṣìṣẹ́ kan bá pa ìwé kan rẹ́ nítorí àìfiyèsí, RAID yóò bá a pa á rẹ́ lórí gbogbo dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìránṣẹ́ olóòótọ́ ni. Bí iná bá jó yàrá náà, gbogbo wọn ni yóò jó. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni èyí tí ó wà níbòmíràn. Àṣà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni pé kí ohun pàtàkì wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé mìíràn, tí ó bá ṣeé ṣe ní ìlú mìíràn. A sì gbọ́dọ̀ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ̀dà náà ṣeé kà. Ẹ̀dà tí a kò tíì kà rí dà bí oúnjẹ inú àká tí a kò ṣí wò láti ọdún tí ó kọjá. A kò mọ̀ bóyá iṣu ni tàbí èérún.

Lẹ́yìn èyí ni a ń fi ètò ìdarí sí i. Nínú àwọn tí a ń lò jù ni Windows Server àti oríṣiríṣi Linux, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Finland kan, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. A ó fún sáfà ní orúkọ, a ó sì fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní máa yí padà, nítorí bí nọ́ńbà ilé bá ń yí padà ní àràárọ̀, báwo ni lẹ́tà yóò ṣe dé? A ó ṣètò aago rẹ̀ kí ó máa bá aago àwọn sáfà mìíràn dọ́gba. Ọ̀ràn aago yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí aago sáfà méjì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yàtọ̀ síra, ní ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ìwé àkọsílẹ̀ wọn yóò máa ta ko ara wọn bí ẹlẹ́rìí èké.

Gbogbo ìlẹ̀kùn tí sáfà kò nílò ni kí a tì. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ láti pín ìdánwò, kí ni ó fẹ́ fi ìlẹ̀kùn lẹ́tà ṣe? Ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan, kí ẹnikẹ́ni má sì lè mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan, kò dára. Ìlẹ̀kùn kan sì wà tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé sáfà kalẹ̀ kì í ka sí. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá náà, tí kì í sùn àní nígbà tí a bá pa sáfà fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dell ń pè é ní iDRAC, HPE ń pè é ní iLO. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó jókòó ní Ìbàdàn fi lè tan sáfà tí ó wà ní Èkó, tí ó sì lè mọ bí ara rẹ̀ ti gbóná tó. Agbára ńlá ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá sílẹ̀ láìyí i padà, tí ó sì jẹ́ èyí tí gbogbo ayé mọ̀, bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ agádágodo mẹ́ta tí ó fi ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu ni a rí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìtọ́jú sáfà kò ju ìṣọ́ra ojoojúmọ́ lọ. Lójú dísìkì kọ̀ọ̀kan ni iná kékeré kan wà. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, àlàáfíà ni, bí ó bá di aláwọ̀ ọsàn, ó ń ké pe wa. Ẹ má ṣe kánjú nígbà náà. Nínú RAID 5, bí dísìkì kẹta bá kú, tí òṣìṣẹ́ sì fi ìwàǹwára fa ìkẹrin tí ara rẹ̀ dá yọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó pa èyí tí ikú kò pa. Kí ó ka nọ́ńbà ara dísìkì náà, kí ó fi wé ohun tí sáfà sọ, kí ó ka á lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó nawọ́. Dísìkì àpamọ́ ni kí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn tí a rà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, a máa darúgbó pọ̀. Bátìrì UPS kì í sábà ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ, ooru a sì máa gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Eruku ni kí a máa fẹ́ kúrò lójú fáànù, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Mo sì gba àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí níyànjú pé kí wọ́n so ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ráàkì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan nǹkan kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó ṣe síbẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí jẹ́ nípa sáfà tí ó kú. Sáfà tí ó kú ń pariwo. Gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni sáfà tí ara rẹ̀ le, tí gbogbo iná ojú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí ohun tí ó ń pèsè kò sì tọ̀nà. Kànga kò gbẹ, omi rẹ̀ ni kò ṣeé mu. Ìgbà gbogbo ni àwọn tí ó kọ ètò inú sáfà ń ṣe àtúnṣe sí i, apá kan pàtàkì nínú ìtọ́jú sì ni kí a rí i pé àtúnṣe náà dé orí gbogbo sáfà tí ó yẹ kí ó dé.

Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2025, nígbà tí JAMB gbé èsì ìdánwò jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ọmọ tí máàkì wọn kò tó 200 nínú 400. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ fi ẹ̀hónú hàn, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀ sí ọlọ́gbọ́n wà lára wọn. Àjọ náà wádìí ara rẹ̀. Ní ọdún náà, wọ́n ti ṣe àyípadà sí bí a ti ń da ìbéèrè àti ìdáhùn rú àti bí a ti ń yẹ ìdáhùn wò. Àtúnṣe tí ó bá àyípadà náà rìn dé orí apá kan nínú àwọn sáfà tí ń pín ìdánwò. Kò dé orí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti fún ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ náà jáde sí gbangba, ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Gbọ̀ngàn 157 ni ọ̀ràn náà kàn: 65 ní Èkó, 92 ní ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Àwọn ọmọ tí ó fara gbá a jẹ́ 379,997, wọ́n sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Kò sí dísìkì kan tí ó bàjẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ooru ni ó fà á.

Báwo wá ni a ti ń ṣe àtúnṣe? A kì í kọ́kọ́ gbé e lé orí gbogbo sáfà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àtúnṣe fúnra rẹ̀ lè ní àbùkù. Orí ọ̀kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò ni a ń kọ́kọ́ gbé e lé. Bí ó bá yè kooro, a ó mú ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo sáfà sí, a ó máa tò wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa fàlà sí iwájú èyí tí a bá ti ṣe. Kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn ni yóò wọ inú sáfà kọ̀ọ̀kan láti ka nọ́ńbà àtúnṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìdánwò, ohun kan ṣì kù lẹ́yìn nọ́ńbà. Olùyẹ̀wò náà yóò mú ìwé ìdáhùn kan tí òun ti mọ máàkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká ní 264, yóò gbà á kọjá lórí sáfà kìíní, lórí ìkejì, lórí ìkẹta, títí dé orí èyí tí ó kẹ́yìn. Bí 264 bá jáde lórí gbogbo wọn, kí a ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún àwọn ọmọ.